LÁWÀNÍ: AṢỌ KAN, ÌTUMỌ̀ PÚPỌ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Tùdún Wàdà àti káàkiri ìlú Sókótó,  ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní nínú àpótí aṣọ, tí a kì í sì í sábà béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Láwàní ni.

Ohun tí ó mú wa yan ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń wáyé nígbàkigbà tí a bá ń ṣe wòlímọ̀ ọmọ wa. Àwọn aládùúgbò wa Haúsá á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á bá wa jẹun, wọ́n á sì ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àfáà bá bẹ̀rẹ̀ sí wé láwàní fún ọmọ tí ó parí Alùkùránì, ẹnìkan á rọra tẹ́ etí sí wa, á béèrè pé, “Oyè wo ni ẹ fi ọmọ yìí jẹ?” Àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n gbọ́ á bú sẹ́rìn-ín. Àwa wí pé kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ó sì yẹ kí a lè dáhùn rẹ̀.

1. Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Haúsá ń pè é ní rawani, àwa ń pè é ní láwàní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó bá àwọn oníṣòwò àti àwọn àfáà wá sí ilẹ̀ wa láti òkè ọya, bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ọjà ṣe bá wọn wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ti dé, kò gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ dání.

Ẹ wo èdè Haúsá dáadáa. Naɗa ni wọ́n ń pe kí a máa we nǹkan, bí ẹni ń we aṣọ mọ́ orí. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé wọ́n fi ènìyàn jẹ oyè. Naɗin sarauta ni wọ́n ń pe ìwúyè. Nítorí náà, bí Haúsá bá wí pé wọ́n ti wé lágbájá, ó ti gbà pé lágbájá ti di olóyè nìyẹn. Kò tún sí àlàyé mìíràn.

Àwa Yorùbá kì í sọ ọ́ báyẹn. Àwa máa ń “jẹ” oyè. A máa ń já ewé akòko lé olóyè lórí. Ọba a máa gbádé, adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyẹ̀fẹ̀ rẹ̀ bo ojú. Nígbà tí láwàní dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá akòko àti adé nílẹ̀. Àyè oyè ìlú ti kún. Ọwọ́ àwọn àfáà ni láwàní bọ́ sí, ìmọ̀ ẹ̀sìn ni ó sì ń fi hàn. Báyìí ni aṣọ kan náà ṣe di nǹkan méjì.

2. NÍ SÓKÓTÓ, LÁWÀNÍ NI ADÉ

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí ó wé láwàní ní ọjà Sókótó ni olóyè. Àwọn màlámù ń wé e, àwọn àgbàlagbà ń wé e, darandaran ń wé e nítorí eruku àti ọyẹ́. Àwọn ọkùnrin Búzú tí wọ́n wá láti aṣálẹ̀ ń fi í bo ẹnu àti imú. Láàárín tiwọn, ọkùnrin ni ó ń bojú, àwọn obìnrin wọn kì í bojú. Ìtìjú àti iyì ọkùnrin ni bíbojú náà jẹ́ fún wọn.

Kí ni ó wá mú kí láwàní di oyè? Ọwọ́ ni. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé láwàní nínú ilé rẹ̀, aṣọ ni ó wọ̀. Bí ẹni tí ó ní àṣẹ bá wé e fún un níwájú èrò, oyè ni ó gbà. Ẹ jẹ́ kí a di ìyàtọ̀ yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé.

Ìtàn ìlú tí a ń gbé yìí fi í hàn kedere. Ní ọdún 1804 ni Ṣéhù Usman Dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ogun jìháàdì. Ní nǹkan bí 1809 ni ọmọ rẹ̀, Muhammad Bello, tẹ Sókótó dó. Láti ibí ni àṣẹ ti ń lọ sí àwọn ìlú yòókù. Àsíá ni Ṣéhù ń fi lé àwọn aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́, láwàní sì di àmì àwọn ọba tí wọ́n jẹ lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù March ọdún 1903, àwọn ọmọ ogun òyìnbó gba Sókótó. Sultan Attahiru Kìíní kúrò nílùú, wọ́n sì pa á ní Burmi ní oṣù July ọdún náà. Kí wá ni Lugard ṣe nígbà tí ó ń fi Sultan tuntun, Attahiru Kejì, jẹ? Agbádá àti láwàní ni ó fún un. Òyìnbó tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí kò sì mọ bí a ṣe ń wé e, mú láwàní, ó fi í lé Sultan lọ́wọ́.

Ẹ ronú sí i. Lójú Lugard, láwàní yẹn wí pé, “Láti òní lọ, ọ̀dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ rẹ ti ń wá.” Lójú àwọn ará Sókótó, láwàní kan náà wí pé, “Ilé Ṣéhù kò tíì parun.” Ìhà méjèèjì rí ohun tí wọ́n ń wá nínú aṣọ kan ṣoṣo. Bóyá ìdí nìyẹn tí aṣọ náà fi ṣiṣẹ́ fún ìhà méjèèjì. Ìtumọ̀ kì í gbé inú òwú. Inú àwọn tí ń wo òwú ni ó ń gbé.

3. NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ, LÁWÀNÍ NI ÌMỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà jọ ti Sókótó díẹ̀, nítorí ilé Ṣéhù Àlímì ni ó ń jọba níbẹ̀, ìlú náà sì wà lára ìjọba Sókótó láyé àtijọ́. Ẹ́míà Ìlọrin ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n láwàní ni ó ń wé, kì í dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá kọjá Ìlọrin tí a dé Ọ̀yọ́, ìtumọ̀ yí padà. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tí ó wàjà ní 2022, Mùsùlùmí ni, aláàsìkí sì ni, ṣùgbọ́n adé ni adé rẹ̀. Lèmọ́mù Ọ̀yọ́ ni ó ni láwàní.

Nínú mọ́sálásí wa nílé, a máa ń wé láwàní fún Lèmọ́mù, fún Nọ́íbì àti fún Mùfásírù. A tún máa ń wé e fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó parí Alùkùránì. Ní ọjọ́ wòlímọ̀ ìyàwó, a máa ń wé e fún ìyàwó pẹ̀lú, á wá jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ka súrà létí gbogbo èrò. Ohun ẹ̀yẹ ni èyí jẹ́ fún àwa. Ó ń sọ fún gbogbo ẹbí pé ọmọbìnrin yìí kò wọ ilé ọkọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ara wa. Láwàní tún ti gba ìtumọ̀ kẹta láàárín wa. A ń wé e fún Bàbá Àdínì, fún Ìyá Àdínì, fún Balógun Àdínì, fún Ààrẹ Mùsùlùmí. Àwọn tí wọ́n fi owó àti ara wọn gbé ẹ̀sìn ró ni a ń fi í yẹ́ sí. Bàbá Àdínì ni Olóògbé M.K.O. Abíọ́lá, Olóògbé Abdul-Azeez Arísẹ́kọ́lá Àlàó sì ni Ààrẹ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá títí ó fi kú ní 2014. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ iye mọ́sálásí àti ọmọ kéwú tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́. Kò sí èèwọ̀ nínú kí a yẹ́ ọlọ́rẹ-ọwọ́ sí. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọdé lè wo láwàní ọlọ́rọ̀ àti láwàní onímọ̀, kí ó má mọ ìyàtọ̀. Ìgbà náà ni yóò béèrè pé kí ni òun ń fi wáláà ṣe nígbà tí owó lè ra ohun tí ìwé ń fúnni.

4. IBI TÍ ÈDÈ-ÀÌYEDÈ TI Ń WÁ

Nísinsìnyí a lè dá aládùúgbò wa lóhùn. Ó rí àgbàlagbà kan tí ó ń wé láwàní fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún níwájú èrò, pẹ̀lú ìlù àti ìkíni. Ojú tí ó fi ń wo nǹkan sọ fún un pé oyè ni. Ó tún rí i pé ọmọbìnrin ni. Ẹnu yà á. Kò ṣe àfojúdi sí wa. Èdè aṣọ ti ìlú rẹ̀ ni ó kà, ó sì kà á tọ̀nà. Èdè mìíràn ni àwa fi kọ ọ́.

Bí a kò bá ṣàlàyé, ohun mẹ́ta lè ṣẹlẹ̀. Èkíní, wọ́n lè rò pé a ń fi oyè ṣeré nínú ìlú tí oyè ti ní ààfin. Èkejì, wọ́n lè rò pé àwa Yorùbá kò mọ ẹ̀sìn, pé à ń da ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ wa lè máa fi aládùúgbò ṣẹ̀fẹ̀, kí wọ́n rò pé Haúsá ni kò lajú. Ìkẹta yìí ni ó burú jù, nítorí inú ilé wa ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń ṣe ẹnikẹ́ni bí àsọdùn, kí ó yí i padà kí ó wò ó. Ní ọdún 2015, aáwọ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ láàárín ààfin Déjì àti olórí àwọn Ìgbò tí ń gbé ibẹ̀, lórí oyè tí wọ́n ń pè ní Eze Ndigbo. Lójú àwọn Ìgbò àtìpó, Eze yẹn ni àgbà tí ń kó wọn jọ, tí ń parí ìjà, tí ń gba òkú wọn délé. Lójú Yorùbá onílùú, eze túmọ̀ sí ọba, ìlú kan kò sì lè ní ọba méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà ní Sókótó níhìn-ín gbọ́ ọ, a sì gbè sẹ́yìn Àkúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ àtìpó ni àwa náà. Ohun tí a kò fẹ́ kí àlejò ṣe nílé wa, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí ó má di pé àwa ni à ń ṣe é nílé ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn ará wa bá fẹ́ fi olórí Yorùbá jẹ ní ìlú Haúsá, ààfin ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ ààfin ni ó sì yẹ kí ó wé láwàní náà. Bí a bá mọ ohun tí ọwọ́ yẹn túmọ̀ sí, a kò ní rí i bí ìrẹ̀sílẹ̀.

5. Ẹ̀RÍ LÁTI ÒDE

Kì í ṣe àárín Yorùbá àti Haúsá nìkan ni èyí mọ. Ẹ wo hírámì. Ní Saudi, aṣọ orí ojoojúmọ́ ni, awakọ̀ ń lò ó, ọlọ́jà ń lò ó. Láàárín àwọn ará Palestine, aláwọ̀ dúdú àti funfun di àmì ìjà fún ilẹ̀ wọn láti ìgbà ọ̀tẹ̀ tí wọ́n gbé dìde sí ìjọba òyìnbó ní 1936, Yasser Arafat sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Bí ènìyàn bá ti dé hírámì, ó ti dé Mẹ́kà nìyẹn, pàápàá bí eyín wúrà bá tún ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Lárúbáwá tí ó bá rí eyín wúrà yẹn kò ní mọ̀ láéláé pé ó ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú Hájì.

Ẹ wo fìlà pupa tí Haúsá ń pè ní dara. Ní 1829, Sultan Mahmud Kejì ti ilẹ̀ Turkey pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi láwàní sílẹ̀, kí wọ́n máa dé fìlà pupa yìí. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn, wọ́n rí i bí àṣà àjèjì. Nígbà tí ó di 1925, ìjọba Mustafa Kemal fi òfin de fìlà pupa náà, ó ní kí ọkùnrin máa dé fìlà òyìnbó. Àwọn ènìyàn tún kọ̀, àwọn mìíràn sì kú lórí rẹ̀. Fìlà tí ó jẹ́ àjèjì láyé bàbá bàbá wọn ti di àmì ẹ̀sìn lójú tiwọn. Kò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìtumọ̀ náà fi yí padà pátápátá.

Ẹ sì wo àwọn Sikh ti ilẹ̀ India. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n má gé irun, láwàní sì ni wọ́n fi ń bò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1976 gbà wọ́n láàyè láti gun alùpùpù pẹ̀lú láwàní láìdé akoto. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15 oṣù September ọdún 2001, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé ní New York, ọkùnrin kan yìnbọn pa Sikh kan tí ń jẹ́ Balbir Singh Sodhi níwájú ilé epo rẹ̀ ní Arizona. Láwàní ni apààyàn náà rí, ó sì rò pé ọ̀tá òun ni. Ẹni tí ó ka àmì ẹlòmíràn pẹ̀lú ìbínú lè fi ẹ̀mí aláìṣẹ̀ ṣòfò.

6. ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN WA TÍ Ń LỌ SÍ ÌSÀLẸ̀

Apá yìí kan àwọn òbí gan-an. Ọmọbìnrin tí a bí sí Sókótó kò mọ̀ pé hìjáàbù jẹ́ ọ̀rọ̀. Aṣọ ni. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò ó, kò sí ẹni tí ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá lọ kàwé ní ìsàlẹ̀, yóò bá a pé hìjáàbù yẹn ti di ẹjọ́. Ní oṣù December 2017, wọn kò jẹ́ kí Amasa Firdaus, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń sọ wọ́n di agbẹjọ́rò nítorí hìjáàbù tí ó wọ̀ sábẹ́ irun àdé àwọn agbẹjọ́rò. Oṣù July 2018 ni wọ́n tó gbà á wọlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù June 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́, adájọ́ márùn-ún sí méjì, pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ hìjáàbù ní ilé ìwé ìjọba ní Èkó.

Nítorí náà, kí ọmọ tó gbéra, ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ fún un pé aṣọ tí kò sọ ohunkóhun ní Tùdún Wàdà yóò máa sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Àwọn kan yóò rí i bí ìjà, àwọn kan bí ìnira, àwọn kan bí ẹ̀gbọ́n wọn nínú ẹ̀sìn. Ọmọ tí ó ti gbọ́ èyí nílé kò ní dààmú, kò sì ní máa wo gbogbo ẹni tí ó bá béèrè ìbéèrè bí ọ̀tá.

7. KÍ NI Ẹ̀SÌN WÍ, KÍ SÌ NI KÍ A ṢE?

Àwọn onímọ̀ gbà á wá pé Ànábì wa wé láwàní dúdú ní ọjọ́ tí ó wọ Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n àwọn kèfèrí Mẹ́kà náà ń wé láwàní, nítorí aṣọ Lárúbáwá ni. Kì í ṣe aṣọ orí ni ó pín wọn níyà. Ohun tí ó wà lọ́kàn ni. Nínú Suratul-A'raf, áyà 26, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé aṣọ ìbẹ̀rù Òun ni ó dára jù. Nínú Suratul-Hujurat, áyà 11 sí 13, Ó kọ̀ fún wa láti fi ara wa ṣẹ̀sín, Ó kọ àbá búburú, Ó sì fi yé wa pé nítorí kí a lè mọ ara wa ni Ó fi dá wa ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Gbogbo wa sì mọ ìtàn Usama ọmọ Zayd, tí ó pa ẹni tí ó ti jẹ́rìí ẹ̀sìn lójú ogun, tí Ànábì sì bi í bóyá ó la àyà ọkùnrin náà wò. Ẹ̀rí ẹnu ni Usama kà ní ìkàkukà. Mélòó wá ni aṣọ lásán?

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a fi àṣà wa sílẹ̀. A ó máa wé láwàní fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n à ń rọ̀ yín pé:

Kí Àfáà tó wé láwàní ní wòlímọ̀, kí ó fi èdè Haúsá ṣàlàyé fún àwọn àlejò pé kì í ṣe oyè, pé ẹ̀yẹ ìparí Alùkùránì ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Kí a ṣe wíwé tí àwọn obìnrin láàárín àwọn obìnrin, kí obìnrin àgbà sì wé e, bí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Kí a má ṣe wé láwàní ìmọ̀ fún ẹni tí kò kà. Bí a bá fẹ́ yẹ́ ọlọ́rẹ sí, kí a sọ ọ́ síta pé ọrẹ ni a ń yẹ́ sí.

Bí àmì ẹlòmíràn bá rú wa lójú, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀSÀLÁTÙ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó wé láwàní fúnra rẹ̀ àti ẹni tí a wé e fún?
2. Ìtumọ̀ mélòó ni láwàní tí Lugard gbé kalẹ̀ ní 1903 ní, lójú ta ni, lójú ta ni?
3. Àmì wo ni àwọn Haúsá ń lò tí àwa ti ṣì túmọ̀ rí? Kí olúkúlùkù mú ọ̀kan wá.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lóye ara wa. Kí Ó fi àlàáfíà sí Sókótó, kí Ó fi í sí ilé wa ní ìsàlẹ̀. Kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ orí àwọn ọmọ wa tóbi ju láwàní orí wọn lọ. Àmín.